Ìdílé Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tó Ṣáájú Ọjọ́ Wọn Dé

Gbọ̀ngàn náà kún dẹ́nu, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè bọ́ sí, ibẹ̀ sì ni ojú àwọn àjèjì méjì ti pàdé.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún Oṣù Kẹwàá, ní ìlú Itauguá, ní Paraguay. Ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ẹgbẹ́ àjùmọ̀kọ́lé sì ti gba gbọ̀ngàn ìjọ láti ka orúkọ àwọn tí ilẹ̀ kàn. Irínwó èèyàn ló fún ara wọn mọ́ abẹ́ fáànù mẹ́ta. Nimia Cañete jókòó ti kọ̀ǹpútà níwájú. Òun ni wọ́n bẹ̀ pé kó gbé orúkọ náà sára ògiri kí gbogbo ojú lè rí i. Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Orúkọ yọ lára ògiri, ariwo sì sọ.

Òfin ẹgbẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn ìsìn, ni ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì kọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, kò ní rí ilẹ̀ gbà láéláé. Lára ògiri, ìdílé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni déètì wọn jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́ Oṣù Kẹsàn-án. Gbogbo wọn pátá, ọ̀dọ̀ akọ̀wé kan ṣoṣo ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀: Zunilda Brítez.

Obìnrin náà, tí àwọn ọmọdé ìlú ń pè ní Ña Zunilda láti bọ̀wọ̀ fún un, ń lọ sí ẹni àádọ́ta ọdún. Ó dúró ti ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Kò wo àwọn orúkọ náà. Kò wo àwọn tó ń pè é ní olè. Nimia nìkan ló ń wò, nítorí ọwọ́ Nimia ló tẹ bọ́tìnnì. Nínú ìtàn ìfẹ́, bí ojú àjèjì méjì bá pàdé báyìí láàárín èrò, ọkàn á fò, ayé á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ayé dákẹ́ fún Nimia náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ ló wà nínú ojú yẹn. Ojú ẹni tó já sínú kànga ni, tó gbórí sókè tó rí ẹnì kan létí kànga, tí kò sì tíì mọ̀ bóyá okùn lonítọ̀hún mú dání tàbí òkúta.

Alága ẹgbẹ́, Anastasio Portillo, tí gbogbo ìlú ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Karai, gbọ́wọ́ sókè títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó ní ìpàdé yóò tún wáyé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ náà wọn yóò pa orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n rẹ́, wọn yóò sì fa akọ̀wé wọn lé adájọ́ lọ́wọ́. Sájẹ́ǹtì Gamarra gba fóònù obìnrin náà, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, ó ní kò gbọdọ̀ kúrò nílùú. Ìwádìí ọlọ́pàá parí síbẹ̀.

Iṣẹ́ Nimia ni wíwá ibi tí ẹ̀rọ ti ń parọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Asunción a máa ránṣẹ́ pè é, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ajá ọdẹ ni, pé bó bá ti gbóòórùn àṣìṣe, kì í jẹun. Kí wọ́n tó ká àga kúrò nílẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ Zunilda, ó ní òun fẹ́ wá kí i nílé lọ́la.

"Kí lo fẹ́ wá ṣe nílé mi?" ni Zunilda wí. "O ti fi mí hàn lára ògiri tán."

*

Ẹni àkọ́kọ́ tí Nimia bi léèrè ni ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́.

Derlis Acosta ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n ti jọ ń fẹ́ra, ìgbéyàwó sì ku oṣù méjì. Òun ló kọ Ñandutí, tó sọ lórúkọ léèsì tí àwọn obìnrin Itauguá máa ń hun bí òwú aláǹtakùn. Ètò kọ̀ǹpútà ní èdè tirẹ̀, àká tí wọ́n ń kó ìwífún pamọ́ sí ní èdè tirẹ̀. Ñandutí ni ògbufọ̀ àárín wọn. Á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ètò, á tò ó sínú àká ní ìlà-ìlà. Bí wọ́n bá tún bèèrè rẹ̀, á kó o jáde, á sọ ọ́ padà di ohun tí ètò lè dì mú. Ọ̀fẹ́ ni, àìmọye ilé iṣẹ́ ló sì ń lò ó. Ọkùnrin tó ṣe ètò ẹgbẹ́ àjùmọ̀kọ́lé kó tó ṣí lọ sí Sípéènì, orí Ñandutí ló gbé e kà.

Nínú ọgbà ìyá Derlis, lábẹ́ igi máńgòrò, ni wọ́n jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nimia da omi tútù sórí ewé tereré, ó gbé ìwo tí wọ́n fi ń mu ún fún un. Ó bi í bóyá ògbufọ̀ lè ti sọ ohun tí wọn kò sọ fún un.

Derlis rẹ́rìn-ín. Ó mu tiẹ̀ tán, ó dá ìwo padà. "Ayọ̀ mi, ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́. Ìdánwò ẹgbẹ̀rún méjì ló ń ṣe lójoojúmọ́, kò kùnà nínú ọ̀kan. Akọ̀wé yẹn ni kó o lọ wò."

Nimia gbà á gbọ́. Ẹnu tó ń pè é ní ayọ̀ mi ló sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé ó lọ sílé Zunilda, ó mu omi rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe ṣiṣẹ́, kò sì gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bébà kan yọ lára pátákó ẹgbẹ́. Derlis Acosta, ẹni tó kọ Ñandutí, ló fọwọ́ sí i pé kò sí àléébù kankan nínú bó ṣe ń tọ́jú déètì. Karai Anastasio ló bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́. Nimia dúró níwájú pátákó náà, orí rẹ̀ sì wú. Ọkọ tòun kò fi ọ̀rọ̀ ìlú ṣeré.

*

Lójú alága, ẹjọ́ ti tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń yọ Nimia lẹ́nu, ó sì gbé e lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Karai, olè wo ló ń jí ewúrẹ́ tó sì ń so agogo mọ́ ọn lọ́rùn? Bí Ña Zunilda bá fẹ́ ran àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́, Sọ́ńdè ló máa kọ. Kí ló máa fi kọ Sátidé, ọjọ́ kan ṣoṣo tó lè bà á jẹ́ fún wọn?"

"Olè gọ̀," ni Karai Anastasio dá a lóhùn. "Bí wọ́n bá gbọ́n, ṣé wọ́n á máa jalè?"

Ìdáhùn náà kò tó Nimia. Bí Zunilda kò bá ní ìdí láti kọ Sátidé, ẹlòmíràn lè ní. Ọ̀tá rẹ̀ ni kí èèyàn wá.

Akọ̀wé méjì péré ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀. Èkejì ni Arnaldo Duarte, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irun rẹ̀ máa ń dán bíi pé wọ́n fi òróró bọ́ ọ. Nimia bá a níbi tó ti ń ra chipa gbígbóná, búrẹ́dì oníwàràkàṣì, lẹ́bàá títì, kò sì jẹ́ kó gé e jẹ.

"Ṣé o mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí Ña Zunilda fi ń wọ inú ẹ̀rọ?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bébà ló kọ ọ́ sí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì."

"Ṣé o ti lò ó rí?"

Arnaldo wo chipa ọwọ́ rẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ó ní lẹ́ẹ̀kan péré ni, lọ́jọ́ Ajé kejì ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀. Nígbà tí Nimia ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òtítọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Liduvina, ọmọbìnrin tó ti ń fẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́, ti fi í sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Arnaldo gbọ́ pé ọmọbìnrin náà fẹ́ gba ilẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin mìíràn. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ṣé ó gbà á?"

"Ó gbà á."

"Lọ́dọ̀ akọ̀wé wo?"

"Ña Zunilda," ni Arnaldo wí, omi sì lé sí i lójú níwájú ẹlẹ́ran àti ẹlẹ́pàá. Nimia gbà kó gé chipa rẹ̀ jẹ wàyí.

Ọ̀rọ̀ dùn. Ọkùnrin tí wọ́n já sílẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tó já a sílẹ̀ sì wà lára mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nimia fò lọ sídìí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, nítorí àká a máa pa ipa ẹsẹ̀ mọ́: ẹni tó wọlé, ìgbà tó wọlé, ohun tó fọwọ́ kàn. Ó rí ipa ẹsẹ̀ Arnaldo. Ó wọlé lóòótọ́. Ó wo orúkọ Liduvina nígbà mẹ́tàlá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kò yí lẹ́tà kan padà. Kò sì sí ẹlòmíràn tó yí nǹkan kan padà. Bí Zunilda ti tẹ ìlà mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà ni wọ́n wà.

Ìyẹn tún wá burú fún Zunilda ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni, kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Nígbà tí Derlis gbọ́, ó ní, "Ṣé mo sọ fún ọ?" Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì fọwọ́ pa irun rẹ̀.

*

Ọjọ́bọ̀ dé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ó ku ọjọ́ méjì. Nimia padà lọ sílé Zunilda láti sọ fún un pé òun kò rí nǹkan kan.

Wọ́n ti fi ẹfun kọ *olè* sára géètì. Zunilda jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó na aṣọ mọ́ férémù igi lórí itan, abẹ́rẹ́ ń wọlé ń jáde. Kò gbórí sókè. Nimia tún bi í bó ṣe ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, obìnrin náà sì tún un sọ bíi ti àtẹ̀yìnwá: pé àwọn àgbà tí kò ní fóònù, àti àwọn tí kò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Arnaldo, ló wá sọ́dọ̀ òun, bébà lòun fi kọ orúkọ àti déètì wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Mọ́ńdè lòun tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ. Àwọn ti Arnaldo ní tiwọn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi fóònù tẹ orúkọ ara wọn, ẹ̀rọ sì ń fi aago sí i fúnra rẹ̀. Karai ní bébà òun kì í ṣe ẹ̀rí, pé èèyàn lè kọ bébà nígbàkigbà.

"Ẹ̀rọ yín ò mọ ọjọ́," ni ó wá fi kún un, bí ẹni ń bá abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo ti ń sọ ọ́ látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé. Ọmọ mi Mirtha, ọjọ́ kẹrin Oṣù Kẹwàá ọdún 1998 ni mo bí i. Ẹ̀rọ ní ọjọ́ kẹta. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń padà sí ọjọ́ kẹta. Mo ní kó máa ṣe é lọ."

Nimia gbé ìwo tereré tó mú dání sílẹ̀. "Ña, ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni?"

"Sọ́ńdè ni. Agogo ìsìn àárọ̀ ń dún bí mo ti ń rọbí. Ṣé ìyá lè gbàgbé ìyẹn?"

Nimia dìde láìdágbére. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, ó kó gbogbo àwòkọ káàdì ìdánimọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde, ó ń fi ọjọ́ ìbí ara káàdì wé ti inú ẹ̀rọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀ta ó lé. Ó rí méjì péré tí kò bára mu. Ọ̀kan ni Mirtha. Èkejì ni ọkùnrin kan tó ń se oúnjẹ fún ilé ìjọ: káàdì ní ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ẹ̀rọ ní ọjọ́ karùn-ún. Ó ṣí kàlẹ́ńdà ọdún náà. Ọjọ́ Àìkú.

Ó kọ déètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀yìn bébà chipa. Ọdún yàtọ̀ síra, nọ́ńbà yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kẹwàá ni gbogbo wọn. Ọjọ́ wo nìyẹn ní Paraguay? Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí aago ń fò ni. Òru tí ó mọ́ ọjọ́ náà ni ìjọba ń gba wákàtí kan lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, tí wọ́n á fi pẹ́ dé ìsìn, tí àlùfáà á sì máa bú wọn. Aago mọ́kànlá òru á kọjá, ìṣẹ́jú á máa lọ, bó bá sì ti fẹ́ kan méjìlá, ó di aago kan.

Nítorí náà òru ọjọ́ yẹn kò ní aago méjìlá.

Nimia dán an wò. Ó tẹ ọjọ́ kẹjọ Oṣù Kẹwàá sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dá ọjọ́ kẹjọ padà. Ó tẹ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní. Ẹ̀rọ dá ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́ Oṣù Kẹsàn-án padà fún un, láìjanpata, bí ọmọ tó ti mọ irọ́ rẹ̀ sórí.

Ó ṣí kóòdù Ñandutí, ó sì rí i kedere. Bí wọ́n bá fún ògbufọ̀ ní déètì tí kò ní aago, á fi aago méjìlá òru sí i kó tó gbé e sínú àká, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rán an. Tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀, á gé aago náà kúrò kó tó gbé e jáde. Ọgbọ̀n kan ló ń lò nígbà tó bá ń wọlé, òmíràn nígbà tó bá ń jáde, fún gbogbo ọjọ́ yòókù nínú ọdún kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ó wá aago méjìlá, kò rí i. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó bọ́ sí aago mọ́kànlá òru Sátidé. Nígbà tó gé aago kúrò, Sátidé ló ṣẹ́ kù. Àwọn ti Arnaldo ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mẹ́wàá àárọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi kàn wọ́n. Bébà Zunilda nìkan ni kò ní aago.

Ìlà mẹ́sàn-án ni Nimia fi tún un ṣe: kí déètì máa jẹ́ déètì lásán, ní wíwọlé àti ní jíjáde. Inú rẹ̀ ń dùn bó ti ń ṣe é. Ó ti ń rí ojú Derlis nínú ọkàn rẹ̀, bó ṣe máa kọ́kọ́ yà á lẹ́nu, bó ṣe máa ní olólùfẹ́ òun yìí lágbára o.

Ohun tó kù ni kó fi ìdánwò kan kún àwọn ìdánwò Ñandutí, kí àléébù náà má bàa padà wá. Ó ṣí ìwé ìdánwò déètì. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń rìn láti ọjọ́ dé ọjọ́ fún ogún ọdún gbáko, tó ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ó ya Nimia lẹ́nu pé ìyẹn kò rí nǹkan kan. Nígbà náà ló ka ìlà kan ní àárín rẹ̀: *bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ Oṣù Kẹwàá, fò ó.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn tó sì fo kòtò, kò ṣèèṣì. Ó mọ ibi tí kòtò wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà, àti ọjọ́ tó kọ ọ́, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nimia tọ ipa náà lọ sí àpótí ìfisùn Ñandutí. Lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kan láti Encarnación ti kọ̀wé pé lọ́jọ́ tí aago bá fò, déètì ń fi ọjọ́ kan padà sẹ́yìn. Ìdáhùn kò ju ìlà kan lọ: *Kì í ṣe àléébù Ñandutí.* Wọ́n ti ẹ̀sùn náà pa. Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ìdánwò láti máa fo kòtò.

Derlis Acosta ló ṣe méjèèjì.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, lábẹ́ máńgòrò kan náà, Nimia da omi sórí ewé. Kò tíì sunkún. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í sunkún kó tó bèèrè.

"Mo ti rí i," ló wí. "Inú Ñandutí ló wà."

Derlis gba ìwo. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá a padà. "O ṣé," ló wí.

Ẹni tó bá ti sọ pé o ṣé nídìí tereré ti kúrò nínú agbo. Láti ọdún méjì, Derlis kì í dúpẹ́ títí ewé á fi ṣá. Kò bèèrè ibi tó wà nínú Ñandutí. Kò bèèrè bó ṣe rí i. Nimia gbé ìwo sí ilẹ̀ pupa, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo bi ọ́ kí n tó bi ẹnikẹ́ni, Derlis. Kí n tó bi Karai, kí n tó bi obìnrin yẹn fúnra rẹ̀. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ bi."

Ọ̀rọ̀ Derlis jáde wẹ́wẹ́. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ilé iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun ń wò ó láti gbà á síṣẹ́, wọ́n sì ní àwọn kò fẹ́ ògbufọ̀ tí ẹ̀sùn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun yóò tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan. Oṣù di ọdún. Bí òun bá sì tún un ṣe, òun ní láti kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó ń lò ó pé déètì wọn ti ń parọ́ fún wọn láti ìgbà yìí wá. Bó ti ń pẹ́ sí i ló ń le sí i. Iṣẹ́ yẹn ló sì fẹ́ fi gbé ìyàwó, iṣẹ́ yẹn ló fi san owó ilé tí wọ́n jọ fẹ́ máa gbé.

"Bébà ara pátákó ńkọ́?"

"Karai ló bẹ̀ mí."

"Ó bẹ̀ ọ́ pé kó o parọ́?"

Derlis wo ìwo tó wà lórí ilẹ̀ pupa. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. Ó ní lọ́jọ́ kejì tí òun fọwọ́ sí i, oorun kò kùn òun, òun sì kọ lẹ́tà kan sí Zunilda, òun sọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lòun ti dé ẹnu géètì rẹ̀. Lẹ́tà náà wà nínú àpò òun báyìí.

Ó nawọ́ sí àpò. Nimia ti dìde.

"Lẹ́tà tó wà nínú àpò kì í ṣe lẹ́tà," ló wí. "Ìwọ ní kí n lọ wo akọ̀wé yẹn. Mo lọ wò ó. Mo jókòó sílé rẹ̀, mo mu omi rẹ̀, nínú ọkàn mi mo ń pè é ní olè, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ."

Ojú ọ̀nà ló ti sunkún, láàárín àwọn tó gun alùpùpù, tó ń súfèé kọjá, kò sì nu ún.

*

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn tún kún. Àwọn ìdílé mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó níwájú ní ìlà kan bí ẹni tí wọ́n kó wá síbi ìdájọ́. Zunilda wà láàárín wọn nínú aṣọ ìsìn rẹ̀. Derlis dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Nimia fi í hàn wọ́n lára ògiri. Ó tẹ ọjọ́ Àìkú, ògiri dá ọjọ́ Àbámẹ́ta padà. Ó sọ ọ̀rọ̀ aago tó ń fò fún wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ Mirtha. Àwọn kan mi orí. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́ ìbí ọmọ tiwọn.

Ṣùgbọ́n Karai Anastasio na ìka sí pátákó. Ó ní ọmọbìnrin yìí gbọ́n, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹni tó mọ ẹ̀rọ lè mú kí ẹ̀rọ sọ ohunkóhun tó bá wù ú. Ẹni tó bí ọmọ ló mọ ọmọ. Ẹni tó bí èyí ti fọwọ́ sí i pé ara ọmọ òun dá.

"Ta ni ká gbà gbọ́?" ló bi wọ́n. "Ẹni tó bá ní ká pa orúkọ wọn rẹ́, kó gbọ́wọ́ sókè."

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ogún. Ọgọ́ta. Nimia ń kà wọ́n, kò sì wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun lè pè é. Ó kọ̀. Bó bá pè é, òun ló mú un wá. Bí kò bá pè é, Derlis fúnra rẹ̀ ló máa pinnu bóyá òun á wá, bí kò bá sì wá, Zunilda ló máa san gbèsè rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún. Ìyá arúgbó kan nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà di ọwọ́ Zunilda mú.

Ẹsẹ̀ dún lórí ilẹ̀ simẹ́ńtì.

Derlis gba àárín èrò kọjá, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó dúró níwájú pátákó, ó fa bébà ara rẹ̀ já.

"Èmi ni mo bí i," ló wí, "àléébù náà sì wà lára rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti mọ̀. Obìnrin yìí kò ṣe nǹkan kan."

Ọwọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti gbé e sókè kò wo ojú ara wọn. Karai Anastasio ló pẹ́ jù kó tó rí ibi fi tirẹ̀ sí.

Derlis fa àpòòwé kan yọ láti inú àpò, ó nà án sí Nimia. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà á, kó kà á, kó rí i pé òun ti gbìyànjú. Láti ọdún méjì kò sí ohun tí ojú yẹn bèèrè tí Nimia kò fún un. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Èmi kọ́ lo kọ ọ́ sí."

Derlis yípadà. Ó rìn kọjá iwájú alága, tí òun náà ti nawọ́ láti gbà á bí ìwé ẹgbẹ́. Ó dé iwájú Zunilda. Etí àpòòwé náà ti gbó, òógùn ti mú kí orúkọ obìnrin náà ṣàn díẹ̀, ṣùgbọ́n déètì tó wà lókè ṣì hàn ketekete: Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún Oṣù Kẹwàá. Zunilda kà á. Ó gbójú sókè wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Ọjọ́ mẹ́wàá nínú àpò, ọmọ mi," ló wí.

Ó sì gba lẹ́tà náà.